Ẹ̀yin Aláṣẹ Fásitì, Ẹ Má Fárí Wa Lẹ́yìn Wa Mọ́

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá àyè fún lẹ́tà yìí nínú ìwé ìròyìn yín, nítorí gbogbo ibi tó yẹ kí n fẹjọ́ sùn ni mo ti fẹjọ́ sùn, kò sì sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Ẹ̀rọ ló ń dá mi lóhùn.

Akẹ́kọ̀ọ́ àtòkèèrè ni mí. Mò ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, mò ń kàwé lóru, bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń ṣe é. Sáà ẹ̀kọ́ ti dé àárín, kálukú ti mọ ibi tí nǹkan wà lórí ìkànnì ẹ̀kọ́ wa, àfi bí ímeèlì ṣe já lù wá láàárọ̀ ọjọ́ kan pé inú àwọn aláṣẹ fásitì dùn láti kéde ìkànnì tuntun, àti pé ti àtijọ́ yóò kógbá sílé lópin ọ̀sẹ̀ náà. Ó tán. Mo wọ ìkànnì tuntun yìí, mo wá iṣẹ́ àṣetiléwá tí mo ti fi ránṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, n kò rí i. Níbi tó yẹ kí máàkì mi wà, ìlà kékeré kan báyìí ló dúró síbẹ̀. Nígbà tó yá, ìlà kékeré di òdo. Òdo! Iṣẹ́ tí olùkọ́ ti kà, tó ti fún ní máàkì, tó tún kọ ọ̀rọ̀ ìyìn sí lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Mo kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Wọ́n fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀sùn. Mo tún kọ̀wé, wọ́n ní kí n ní sùúrù. Ìgbà tí mo máa gbúròó wọn, wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ti yanjú, àwọn ti pa ẹ̀sùn náà dé, kí n jọ̀wọ́ fi ìràwọ̀ sọ bí iṣẹ́ wọn ṣe tẹ́ mi lọ́rùn tó. Máàkì mi ṣì wà ní òdo bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí.

Ta ni wọ́n bi kí wọ́n tó ṣe é? Àwọn àgbà ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Orí tiwa ni wọ́n gbé, wọ́n fá a kodoro, wọ́n wá fi ímeèlì sọ fún wa pé ó yẹ wá.

Kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni wọn ò bi. Olùkọ́ wa kan, èèyàn dáadáa, bẹ̀ wá lórí WhatsApp pé ká má bínú, inú ímeèlì kan náà lòun náà ti gbọ́. Ó ní gbogbo ìbéèrè ìdánrawò tóun ti ń tò sórí ìkànnì àtijọ́ bọ̀ tipẹ́ ti dàrú, ìdáhùn tó jẹ́ ti ìbéèrè kan ti lọ jókòó sábẹ́ òmíràn. Láti ìgbà náà, orí WhatsApp ló ti ń fi ohun tí a máa kà ránṣẹ́ sí wa, ibẹ̀ náà la sì ti ń bi í ní ìbéèrè. Fásitì gangan ti kó lọ sórí WhatsApp, ìkànnì olówó gọbọi wá ṣófo. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rà á, ṣé ẹ mọ̀?

Arábìnrin kan nínú kíláàsì wa, ìyá ọlọ́mọ, ń fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ lóru láti orí fóònù. Ó ń wo bó ṣe ń lọ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi dé 97 nínú 100, ni ojú ìwé náà bá yí padà, ó ní kó tún password rẹ̀ tẹ̀. Kó tó padà wọlé, aago méjìlá ti kọjá, ilẹ̀kùn ti tì. Ìkànnì náà kọ ọ́ sílẹ̀ gbàgàdà pé kò fi nǹkan kan ránṣẹ́. Ó ń sunkún nígbà tó ń fi ohùn rẹ̀ ṣàlàyé fún wa. Ta ló fẹ́ gbà á gbọ́ pé òun jókòó síbẹ̀?

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé ẹ̀kọ́ àtòkèèrè kì í ṣe nǹkan àná. Ní 1840, Isaac Pitman ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní ìkọ̀wé kíákíá nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́. Wọ́n á fi iṣẹ́ wọn ránṣẹ́ padà, á sì ṣe àtúnṣe sí i fún wọn. Láti 1858 ni Yunifásítì London ti ṣí ìdánwò oyè rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí kò gbé London. UNISA, fásitì kan ní South Africa, ti ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti òkèèrè láti 1946. Nígbà tí Open University ní Britain bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní 1971, wọ́n mọ̀ pé ẹni tó ń kọ́ sáyẹ́ǹsì nínú ilé rẹ̀ kò ní yàrá àyẹ̀wò, wọ́n bá ń di ohun èlò sínú àpótí ránṣẹ́ sí i, títí kan maikirosíkóòpù kékeré tó ṣeé gbé dání. Ẹni tó ṣe irú ètò yẹn ti kọ́kọ́ jókòó bi ara rẹ̀ pé: níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ yìí wà, kí ló ní lọ́wọ́? Ìbéèrè yẹn ni kò sí lẹ́nu àwọn tiwa. Pẹ̀lú gbogbo kọ̀ǹpútà tó wà lóde, ẹni tó ń fi lẹ́tà kọ́ni ní 1840 mọ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jù wọ́n lọ.

Mo mọ ibi tí àṣà yìí ti wọlé. Ní 2020, nígbà tí Kòrónà ti ilé ẹ̀kọ́ pa, àjọ UNESCO ní akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní bílíọ̀nù kan ààbọ̀ ló wà nílé káàkiri àgbáyé. Kálukú sá lọ síwájú kámẹ́rà. N kò bá ẹnikẹ́ni wí fún ìyẹn, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú sì kìlọ̀ lọ́dún yẹn gan-an pé ìkọ́ni pàjáwìrì lèyí, kì í ṣe ẹ̀kọ́ àtòkèèrè téèyàn fara balẹ̀ ṣètò. Pàjáwìrì ti lọ, àṣà rẹ̀ ò lọ. Títí dòní, olùkọ́ á dúró níwájú kámẹ́rà fún wákàtí méjì gbáko, wọ́n á gbà á sílẹ̀, wọ́n á jù ú sórí ìkànnì, wọ́n á ní àwọn ti kọ́ wa. Fídíò wákàtí méjì lè jẹ dátà tó lé ní gígábáìtì kan. Ohùn olùkọ́ náà nìkan, tí wọ́n bá gbà á sílẹ̀ ní 64 kílóbíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, kò tó 60 mẹ́gábáìtì. Ọ̀rọ̀ kan náà ló sì ń sọ, nítorí kò ya àwòrán kankan, ojú rẹ̀ nìkan là ń wò. Owó dátà yẹn, àwa là ń san án. Ta ni wọ́n bi?

Ẹ jẹ́ n tún fi eléyìí kún un. Moodle, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe ìkànnì ẹ̀kọ́, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tó ti wà láti 2002, ní app tó ń jẹ́ kéèyàn wa ẹ̀kọ́ jáde sórí fóònù, kó sì kà á níbi tí kò ti sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ìkànnì àtijọ́ wa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tuntun yìí kò lè ṣe é, tàbí ó lè ṣe é, wọn ò jẹ́ kó ṣe é. Èwo nínú méjèèjì ló burú jù, ẹ bá mi wò ó.

Ti ìdánwò tún wà níbẹ̀, èyí tí à ń ṣe nílé, tí ẹ̀rọ ń fi kámẹ́rà ṣọ́ wa. Wọ́n ní ká gbé kámẹ́rà yí yàrá po kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, ká má wẹ̀gbẹ́, ká má dìde. Bí ọmọ bá sunkún ní yàrá kejì, ẹ̀rọ á sàmì sí wa bí afurasí. Bí iná yàrá kò bá mọ́lẹ̀ tó, ẹ̀rọ á lóun ò rí ojú èèyàn. Ní 2022, akẹ́kọ̀ọ́ fásitì ìjọba kan ní Ohio, ní Amẹ́ríkà, pe ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ lẹ́jọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ sì dájọ́ pé fífi kámẹ́rà tú yàrá rẹ̀ wò báyẹn ta ko òfin ilẹ̀ wọn. Bí àwọn tiwa bá gbọ́, kò hàn lára wọn.

Bí èèyàn bá sì ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀, iye ni wọ́n á máa kà sí i létí: iye àwọn tó forúkọ sílẹ̀, iye fídíò tó wà nílẹ̀. Iye kì í ṣe ẹ̀kọ́. Nígbà tí àwọn méjì kan ní fásitì Stanford, ní Amẹ́ríkà, ṣí ẹ̀kọ́ ọgbọ́n àtọwọ́dá sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2011, nǹkan bí 160,000 èèyàn ló forúkọ sílẹ̀. Àwọn tó parí rẹ̀ kàn lé ní 20,000 ni. Ní 2013, San Jose State University ní California bá ilé iṣẹ́ kan da ọwọ́ pọ̀ láti máa kọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí wọ́n rí i pé àwọn tó yege kéré, wọ́n dá ètò náà dúró lóṣù keje ọdún yẹn kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní ìtìjú. Àwọn tiwa ń ṣe àjọyọ̀.

Ojútùú tí mo ní kò le. Kí ẹnikẹ́ni tó bá ní àṣẹ láti ra ìkànnì ẹ̀kọ́, tàbí láti yí i padà, máa forúkọ sílẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọọdún, kó gba ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kì í ṣe kó wá wo àfihàn tí oníṣòwò ń ṣe nínú yàrá ìpàdé o. Kó gba ẹ̀kọ́. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì. Orí fóònù olówó pọ́ọ́kú ni, tí ojú rẹ̀ kéré, tí àyè inú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Dátà tó máa lò, kó yọ owó rẹ̀ nínú àpò ara rẹ̀. Kí ọ́fíìsì ìrànwọ́ má mọ̀ pé ọ̀gá ni, torí bí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á sáré dá a lóhùn, gbogbo rẹ̀ á sì di eré. Ẹ̀yìn iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ni kó máa kàwé, nígbà tí oorun bá ń kùn ún, kó fi iṣẹ́ àṣetiléwá ránṣẹ́ kí aago méjìlá òru tó lù. Kó jókòó síwájú kámẹ́rà ìdánwò, kó gbé e yí yàrá tirẹ̀ náà po, ká jọ rí ohun tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Kí wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde pẹ̀lú tiwa. Ẹni tí kò bá yege, tàbí tó sá kúrò láàárín, kò gbọ́dọ̀ buwọ́ lu ohun tí wọ́n fẹ́ rà lọ́dún náà.

Mo ti ń gbọ́ èsì wọn: ọwọ́ àwọn dí. Ṣé tiwa ò dí ni? Wọ́n á ní ọ̀gá àgbà kì í ṣe ọmọ iléèwé. Ìdí tí wọn ò fi mọ bó ṣe ń rí nìyẹn. Wọ́n á ní ìgbìmọ̀ wà tó ń gba àròyé akẹ́kọ̀ọ́. Ìgbìmọ̀ tí wọ́n pè jókòó lẹ́yìn tí owó ti jáde kò wúlò fún wa. Ká ní ọ̀gá kan ṣoṣo lára wọn ń kàwé lórí ìkànnì àtijọ́ nígbà tí wọ́n fẹ́ tì í pa ni, iṣẹ́ tirẹ̀ náà ì bá pòórá, wọn ì bá sì ti bá a wá a rí kílẹ̀ tó mọ́.

Àwọn nǹkan yòókù rèé, ẹ jẹ́ n tètè sọ wọ́n. Wọn kò gbọ́dọ̀ yí ìkànnì padà láàárín sáà. Kí ti àtijọ́ ṣì wà ní ṣíṣí fún odindi ọdún kan lẹ́yìn tí tuntun bá dé. Bí ìkànnì bá ṣubú lálẹ́ ọjọ́ tí iṣẹ́ yẹ kó wọlé, kí wọ́n sún àkókò síwájú láìjẹ́ pé a bẹ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó mú ẹ̀sùn wá nìkan ni kó lè pa á dé. Kí wọ́n sì gba èèyàn sí i sí ọ́fíìsì ìrànwọ́; n kò bá àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ jà, mo gbọ́ pé wọn ò tó nǹkan, àwọn náà sì ń gbọ́ èébú tó yẹ kí ọ̀gá wọn gbọ́.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí yín. Ẹ rán akọ̀ròyìn yín lọ bá àwọn aláṣẹ wọ̀nyí, kó bi wọ́n níkọ̀ọ̀kan pé èwo nínú wọn ló ti ṣe ìdánwò kan rí lórí ìkànnì tí wọ́n rà fún wa. Orúkọ ẹni tó bá ní òun ti ṣe é, ẹ bá wa tẹ̀ ẹ́ jáde, àti máàkì tó gbà.

Èmi ni,
Akẹ́kọ̀ọ́ àtòkèèrè tí inú ń bí