Lẹ́tà sí Ìyá Ìbejì, nítorí Kẹ́hìndé

Àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí bàbá ìbejì. Láti ọjọ́ Iléyá ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi. Nígbà tí wọ́n ń pín kéèkì ní agbo ilé wa ní Adéta, Ìlọrin, ọ̀gẹ̀dẹ̀ la fi lé Kẹ́hìndé lọ́wọ́, a ní kó lọ jókòó ti ìyá wa. Ṣé o kíyè sí Táíwò? Kò jẹ tirẹ̀. Ó mú un dání títí ó fi rún mọ́ ọn lọ́wọ́, ó dìde, ó lọ fọwọ́. Èmi ni mo ṣe kéèkì yẹn, ẹyin méjìlá ni mo fọ́ sí i.

Mi ò gbàgbé ọjọ́ tí ètè ọmọ náà wú, tí gbogbo ara rẹ̀ sú, torí ẹyin tí kò ju ṣíbí kan lọ. Àwọn kan wà tí ara wọn máa ń gba ẹyin bí ọ̀tá, ìwọ̀nba díẹ̀ sì ti tó dá ìjà sílẹ̀. Ti mílíìkì náà tún wà níbẹ̀. Ọmọ Ìlọrin tí kò gbọdọ̀ fẹnu kan wàrà! Ó máa ń dùn mí bí àwọn Fúlàní bá gbé igbá wàrà kọjá lójúde.

Mo wá bi ara mi pé: àkàrà kò lẹ́yin, ó ń wú, màsà tí à ń rà láàárọ̀ náà ń wú. Kí ló ṣe kéèkì? Àwọn òyìnbó tí kì í jẹ ẹran, ẹyin, mílíìkì àti oyin ti ń ṣe é tipẹ́. Vegan ni wọ́n ń pe irú ìjẹun bẹ́ẹ̀, ọdún 1944 ni Donald Watson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá orúkọ náà sílẹ̀ ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é. Ti àkọ́kọ́ jìn láàárín bí abọ́, èmi ni mo jẹ̀bi. Mo ti da fínígà sí i kí n tó rántí pé iyanrìn inú ìkòkò tí mo fi ń yan án kò tíì gbóná. Afẹ́fẹ́ tí fínígà àti baking soda ń bí ló ń gbé kéèkì dìde. Bí o bá fi sílẹ̀ níta, yóò ti sá lọ. Ó máa ń hó ṣùṣù bí ọṣẹ lójú rẹ. Bí o bá ti rí i, gbé e wọnú iná kíá.

Láti alẹ́ ni mo ti rẹ dàbínù, àjàrà gbígbẹ àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí mo gé wẹ́wẹ́ sínú omi ọsàn. Ọtí ni àwọn òyìnbó fi ń rẹ tiwọn. Ọsàn tó fún wa. Ife fúláwà 2, ṣúgà ìdajì ife torí dàbínù ti dùn, baking soda ṣíbí kékeré 1. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ 2 tó pọ́n dáadáa ló dì í pọ̀ dípò ẹyin. Àgbọn tí mo rin ni mo fún omi rẹ̀, ó tó ife 1. Òróró ni mo lò, mi ò lo bọ́tà, torí mílíìkì ni wọ́n fi ń ṣe bọ́tà gidi, wọ́n sì ń po mílíìkì mọ́ màjarín mìíràn. Fínígà ṣíbí ìjẹun 1 ló kẹ́yìn. Bí ófùnù lo bá fẹ́ lò, 170 ti Celsius ni kí o yí i sí, fún bíi wákàtí kan.

Jẹ́ kó tutù pátápátá. Lẹ́yìn náà ni kí o po ṣúgà tó kúnná bí àtíkè pọ̀ mọ́ omi ọsàn díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi ki, kí o dà á lé e lórí. Ó ń ṣàn lọ wọ́rọ́wọ́rọ́ létí kéèkì, ó dúró, ó ń dán. Bí kéèkì bá ṣì gbóná, yóò mu ún wọlé ni.

Ìyá wa ní kéèkì tí kò lẹ́yin, ṣé búrẹ́dì kọ́ nìyẹn? Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n ní kí n tún gé òmíràn fún àwọn.

Àbúrò mi, mi ò ní ṣe méjì, ọ̀kan fún àwọn ọmọ, ọ̀kan fún Kẹ́hìndé. Ọ̀kan ṣoṣo yìí ni gbogbo ilé yóò máa jẹ. Mo ti ra abọ́ àti ṣíbí ìpo tuntun, èyí tí mo fi ń lu ẹyin kò ní sún mọ́ wọn.

Kó àwọn ọmọ wá ní Jímọ̀ yìí. Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, òun ni mo fẹ́ kó kọ́kọ́ gé e.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.