Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ọmọ Mi Nípa Ọjọ́ Olólùfẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo kí yín o. Oṣù Kejì ọdún tún ti wọlé. Láìpẹ́, gbogbo ilé ìtajà á ti pọ́n kankan, fóònù yín kò sì ní sinmi títí ọjọ́ kẹrìnlá á fi kọjá. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ tèmi kí ariwo tó gba ìlú.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kórìíra Ọjọ́ Olólùfẹ́, mo sì ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Valentine tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ọjọ́ náà, ẹni tí wọ́n pa ní Róòmù nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni. Ohun tí a mọ̀ dájú nípa rẹ̀ kéré débi pé Ìjọ Kátólíìkì yọ ọjọ́ rẹ̀ kúrò nínú kàlẹ́ńdà gbogboogbò wọn ní 1969. Àwọn akéwì ló so ọjọ́ náà mọ́ ìfẹ́ ní sẹ́ńtúrì kẹrìnlá, wọ́n ní ọjọ́ yẹn ni àwọn ẹyẹ ń yan ẹnìkejì wọn. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ọjà dé. Ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, Richard Cadbury, oníṣòwò ṣokoléètì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó ṣokoléètì sínú páálí tó rí bí àwòrán ọkàn. Ti Japan tún wá le jù: obìnrin ló ń fún ọkùnrin ní ṣokoléètì lọ́jọ́ náà, títí kan ọ̀gá ibi iṣẹ́ tí ìfẹ́ kankan kò pa wọ́n pọ̀. Àwọn tó ń ṣe súìtì sì dá ọjọ́ mìíràn sílẹ̀, 14 oṣù Kẹta, kí ọkùnrin lè san án padà. Wọ́n sọ ìfẹ́ di gbèsè tó ní ọjọ́ ìsanwó.

Gbogbo èyí ni mo máa ń rò fún ìyàwó mi lọ́dọọdún. Ní ọdún kan, ó dákẹ́ títí mo fi rojọ́ mi tán, ó wá ní, "Ó dáa. Ti àwọn ọlọ́jà nìyẹn. Ọjọ́ wo wá ni tiwa?"

N kò rí èsì fọ̀. Ìgbéyàwó wa ti lé ní ogún ọdún nígbà náà. Mo ronú títí, n kò rántí ọjọ́ kan, láti ìgbà tí a ti bí àkọ́bí wa, tí mo fi ẹnu ara mi sọ fún un pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo ń gbọ́ bùkátà, mo sì gbà pé ó yẹ kó ti mọ̀. Òótọ́ ni gbogbo ohun tí mo ń sọ nípa àwọn ọlọ́jà, ṣùgbọ́n mo ń fi òótọ́ náà bo nǹkan mọ́lẹ̀. Kì í ṣe owó ni mo ń ṣahun rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Ó ń dùn mí títí dòní.

Nítorí náà, n kò lè ní kí ẹ má ṣe é. Ọjọ́ yìí ti la ẹnu ẹlòmíràn tí ojú ì bá máa tì títí ayé.

Ṣùgbọ́n ẹ má yáwó ṣe é. Mo mọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fi oṣù mẹ́ta san gbèsè ọjọ́ kan. Ọmọbìnrin náà kò mọ̀. Ká ní ó mọ̀ ni, kì bá tí gba ẹ̀bùn náà. Òdòdó róòsì tí wọ́n ń fi bàálù kó wá láti Kenya àti Colombia máa ń gbówó lórí lọ́sẹ̀ náà nítorí pé ohun kan náà ni gbogbo ayé ń wá lọ́jọ́ kan náà. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, irú òdòdó kan náà ni, owó rẹ̀ ló máa wálẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin mi, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ẹni tó fún ọ ní ẹ̀bùn lọ́sàn-án, tó wá ń béèrè ara rẹ lálẹ́ bí ẹni ń gba ṣéńjì, ọjà ló wá rà. Dá ẹrù rẹ̀ padà fún un, kí o máa lọ sílé. Ẹ̀yin ọmọkùnrin mi, ẹ má jẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ láéláé.

Ìwọ tí o kò ní ẹnìkan lọ́jọ́ náà, kò sí ohun tó ṣe ọ́. Àwòrán tí o ń rí lórí Facebook, wọn kò ya ìjà tí wọ́n jà láàárọ̀ mọ́ ọn.

Ìbéèrè ìyàwó mi gbà mí ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ojú ń tì mí láti fi ẹnu dá a lóhùn, mo bá kọ ọ́ sínú ìwé, mo fi í sábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lásán ni, kò sí ayẹyẹ kankan. Ó kà á, ó ká a, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tó di alẹ́, ó gbé ìwé náà lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n fi ẹnu mi kà á fún òun.

Èmi ni,
Bàbá yín.