Ìbínú Ussiah

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, àlàáfíà Kristi fún gbogbo yín.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka Kronika Kejì orí 26 nílé lọ́sẹ̀ yìí. Ọmọ ọdún 16 ni Ussiah nígbà tó jọba ní Júdà, ọdún 52 ló sì lò lórí ìtẹ́. Ó wó odi Gati, ìlú àwọn Filistini, ó kọ́ ilé ìṣọ́ sí Jerúsálẹ́mù, ó gbẹ́ kànga, ó sì fẹ́ràn iṣẹ́ àgbẹ̀. Ẹsẹ 15 sọ pé a ràn án lọ́wọ́ lọ́nà ìyanu títí ó fi di alágbára. Ẹsẹ 16 ní nígbà tó lágbára tán, ọkàn rẹ̀ gbé ga. Ẹ wo bí ẹsẹ méjèèjì ṣe fara kínra! Ìgbà tó rọ̀ wá lọ́rùn ni ìgbéraga ń wọlé, torí ìgbà náà la máa ń gbàgbé Ẹni tó ràn wá lọ́wọ́.

Ọba wọ tẹ́ḿpìlì lọ láti sun tùràrí, iṣẹ́ tí Ọlọ́run fi fún àwọn àlùfáà, àwọn ọmọ Aaroni, nìkan. Àlùfáà Asariah àti 80 àlùfáà mìíràn wọlé tọ̀ ọ́, wọ́n ní kó jáde. Lójú tèmi, àyè ìrònúpìwàdà ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣe ló fárí gá. Bó ṣe ń bínú sí àwọn àlùfáà lọ́wọ́, tí àwo tùràrí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ni ẹ̀tẹ̀ yọ níwájú orí rẹ̀. Ilé ọ̀tọ̀ ló gbé títí ó fi kú.

Ẹ̀yin ará, ìgbà tí wọ́n bá bá wa wí la máa ń mọ ohun tó wà nínú wa, pàápàá bó bá jẹ́ ọmọdé ló sọ ọ́, tàbí ẹni tí àwa fúnra wa kọ́ níṣẹ́. Ẹ má fèsì lójú ẹsẹ̀. Ẹ dúpẹ́, ẹ lọ gbàdúrà lé e, kí ẹ sì wá òótọ́ tó wà nínú rẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, kódà bí ẹni náà kò bá mọ̀ ọ́n sọ. Bí ẹ bá jẹ̀bi, ẹ lọ bá a fúnra yín, ẹ dárúkọ ohun tí ẹ ṣe gan-an. "Bí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ má bínú" kì í ṣe ìjẹ́wọ́ rárá. "Bí" yẹn ti kó ẹ̀ṣẹ̀ pa mọ́.

Kó tó di Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù bi ẹnì kan nínú ilé rẹ̀, ọkọ, aya tàbí ọmọ: "Ṣé ó máa ń rọrùn láti bá mi wí?" Kó sì jẹ́ kí onítọ̀hún sọ̀rọ̀ tán.