Lẹ́tà sí àbúrò mi tó kọ ọ́ síta pé Ọlọ́run ti kú

Àbúrò mi,

Màmá ló pè mí. Wọ́n rí ohun tí o gbé sórí WhatsApp rẹ: “Ọlọ́run ti kú,” pẹ̀lú orúkọ Nietzsche, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Jámánì, nísàlẹ̀. Wọ́n ní kí n bá ọ sọ̀rọ̀ kí pásítọ̀ tó gbọ́. Èmi ò bá tìyẹn wá o. Ohun tó ká mi lára ni pé ìwọ ń fi ọ̀rọ̀ náà yangàn, ẹni tó kọ ọ́ kò sì fi yangàn rárá.

Jọ̀ọ́, ka ojú ewé yẹn látòkè délẹ̀. Inú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1882 ló wà. Wèrè kan tan àtùpà láàárọ̀ tí oòrùn ti ràn, ó sáré wọ ọjà, ó ń pariwo pé òun ń wá Ọlọ́run. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wà níbẹ̀ kò gba Ọlọ́run gbọ́ tẹ́lẹ̀, ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Ṣé ó sọnù ni? Àbí ó ń sá pamọ́? Àbí ó ti wọkọ̀ ojú omi lọ sẹ́yìn odi? Wèrè náà bẹ́ sáàárín wọn, ó ní àwọn ló pa á, òun àti àwọn. Báwo la ṣe mu òkun gbẹ? Ta ló fún wa ní kànìnkànìn tí a fi nu ibi tí ilẹ̀ àti ọ̀run ti pàdé nù? Kẹ́kẹ́ pa mọ́ wọn lẹ́nu. Ó la àtùpà mọ́lẹ̀, ó ní òun tètè dé jù. Ṣé o rí i? Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín ló ń bá wí, kì í ṣe àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwọ náà wà lára wọn.

Ọmọ pásítọ̀ ni Nietzsche. Röcken, ní Jámánì, ni wọ́n bí i sí ní 1844, kò sì tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún tí bàbá rẹ̀ fi kú. Ó mọ iyì ohun tó ń wó. Ó bínú sí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó lé Ọlọ́run jáde, tí wọ́n sì di ìwà tí wọ́n kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ mú gírígírí. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá kọ ìgbàgbọ́ yẹn sílẹ̀ ti pàdánù ẹ̀tọ́ sí ìwà tó bá a rìn. Ìbéèrè náà ò tíì kúrò nílẹ̀. O sọ pé o ò gba nǹkan kan gbọ́; ta ló wá sọ fún ọ pé ọgbọọgba ni gbogbo ènìyàn?

Ní 1887 ó tún kọ ọ́ pé àwọn aláìlágbára ló yí orúkọ nǹkan padà: ojo di ìrẹ̀lẹ̀, àìlègbẹ̀san di ìdáríjì. Ibí yìí ló ti ta mí jù. Ẹ̀ẹ̀mélòó la ti gbọ́ ọ nílé wa, “Mo ti fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́”? Ọ̀gá jẹ owó oṣù ènìyàn mọ́lẹ̀, ó fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ká ní ó lẹ́ni ní àgọ́ ọlọ́pàá ńkọ́? Láti ìgbà tí mo ti ka ìwé yẹn ni mo ti ń yẹ ìdáríjì tèmi wò kí n tó máa yin ara mi.

Wọlé Ṣóyínká náà ti inú odò yẹn bu omi. Nígbà tó ń kọ̀wé nípa Ògún, ó mú òrìṣà Gíríìkì méjì tí Nietzsche fi ṣàlàyé eré oníbànújẹ́, Apollo àti Dionysus, ó gbé wọn kalẹ̀ níwájú Ọbàtálá àti Ògún. Ṣùgbọ́n kò gbé e mì: ó ní ìwà Apollo àti Dionysus, pẹ̀lú ti Prometheus tó jí iná fún ènìyàn nínú ìtàn Gíríìkì, ló pé sára Ògún.

Ibi tí èmi ti bá Nietzsche yapa ni ọ̀rọ̀ àánú. Ó ní àánú máa ń sọ ìyà di púpọ̀ ni. Ọkùnrin tí àìsàn lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Basel, ní Switzerland, ní 1879 ló sọ bẹ́ẹ̀! Ní January 1889, orí rẹ̀ dàrú ní Turin, ní Ítálì. Ìyá rẹ̀ ló gbà á sílé, tó tọ́jú rẹ̀ títí ìyá náà fi kú ní 1897. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ obìnrin, ẹni tó to àjákù ìwé rẹ̀ pọ̀ bó ṣe wù ú, tí Hitler sì wá síbi ìsìnkú obìnrin náà ní 1935. (Nietzsche fúnra rẹ̀ kò fẹ́ rí àwọn tó kórìíra Júù sójú.) Èmi ń ronú nípa ìyá yẹn, opó pásítọ̀, tó ń ṣìkẹ́ ọmọ tó ti fi gbogbo ìgbàgbọ́ rẹ̀ ṣẹ̀sín. Kí ni Nietzsche ì bá pe ohun tó ṣe yẹn? Kọ èsì rẹ sí mi, kó gùn díẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ