Lẹ́tà sí Àkànbí lórí jẹjẹrẹ ọmú tó ń ṣe ìyàwó wa

Àkànbí ọmọ mi,

O kú ìtọ́jú ìyàwó mi, o kú àìsùn.

Lọ́jọ́sí tí mo wá, ó ní ẹ̀rù ń ba òun pé òun lè kú. Kíá lo já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu: "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́!" Ìfẹ́ ló mú ọ sọ ọ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ògiri ló kọjú sí, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Àdúrà ò burú, èmi náà ń gbà á tọ̀sán tòru. Jẹ́ kó sọ tinú ẹ̀ tán ná. Bi í pé, "Kí ló ń bà ẹ́ lẹ́rù jù?", kó o wá dákẹ́. Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ohun tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn obìnrin tó ní irú àìsàn yìí ni pé ta ni yóò tọ́jú ọmọ, ṣé owó ilé ò níí tán sórí àwọn, ṣé ọkọ àwọn ṣì ń rí àwọn bí obìnrin. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, pàápàá lẹ́yìn tí wọ́n ti gé ọmú kan yìí, ìwọ nìkan lo lè dáhùn ẹ̀.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 lẹ́yìn kímò àkọ́kọ́, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, irun rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í já. Sọ fún un ṣáájú, sọ fún un pẹ̀lú pé ó sábà máa ń hù padà tí ìtọ́jú bá parí. Bó bá fẹ́ fá a, ìwọ ni kó o bá a fá a. Kílípà ni kó o lò o, má lo abẹ. Egbò kékeré lè kó kòkòrò sí i lára lásìkò yìí.

Abọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un nínú kíṣìnì bí mi nínú gidigidi. Jẹjẹrẹ kì í ràn! Kó abọ́ náà kúrò ńbẹ̀, kẹ́ ẹ jọ máa jẹun. Ẹni tó bá fẹ́ wá sọ pé ayé ló ṣe é, pálọ̀ ni kó o ti dá a dúró.

Sọ fún àwọn ọmọ. Ọmọ tí wọn ò sọ fún lè máa rò pé òun ló fà á.

Ní UCH tẹ́ ẹ ti ń gbàtọ́jú n'Ìbàdàn, béèrè ẹ̀ka palliative care, àwọn tó ń mú kára tu aláìsàn. Kì í ṣe ẹni tó ń kú lọ nìkan ni wọ́n ń gbà. Ìrora, èébì, ìbẹ̀rù, títí kan ti ẹbí, iṣẹ́ wọn ni.

Ìwọ náà ti rù. Màá dé lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀, màá sì wà lọ́dọ̀ ìyàwó mi di ọjọ́ Ajé. Kó o lọ sùn, tàbí kó o lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ ẹ wo bọ́ọ̀lù. Bí ẹkún bá ń gbọ̀n ọ́, sun ún. Pè mí, ì báà jẹ́ òru.

Èmi ìyá rẹ