Àbàwọ́n ara ère fáínílì àkọ́ṣe

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè láti bá àwọn tó ń kó ère fáínílì, ìyẹn ère ìṣeré tí a fi ike rírọ̀ ṣe, jọ sọ̀rọ̀, pàápàá àwọn tó ní ère àkọ́ṣe, èyí tí ilé iṣẹ́ fi ń dán iṣẹ́ wò kí títà tó bẹ̀rẹ̀, bí irú èyí tí Kenner, ilé iṣẹ́ ohun ìṣeré kan, ṣe ní Cincinnati, ní Amẹ́ríkà, ní àwọn ọdún 1970 àti 1980.

Èròjà tó ń mú fáínílì rọ̀ ló ń jẹ́ kí tàdáwà bírò wọ inú rẹ̀ lọ, débi pé ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, tó yẹ kí á kọ́kọ́ lò, lè má yọ ọ́. Ìpara irorẹ́ tó ní benzoyl peroxide ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi sí ojú àbàwọ́n náà, tí wọ́n á sì gbé ère náà sínú oòrùn. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọ̀ ló ń bó. Bí ó bá kan ọ̀dà tàbí fáínílì aláwọ̀, ibẹ̀ lè ṣá. Ti asitóònù tí àwọn obìnrin fi ń nu èékánná kò tilẹ̀ yẹ ní sísọ, nítorí ojú ike gan-an ló ń bàjẹ́.

Ohun tó ká mi lára jù ni pé kì í ṣe gbogbo àmì ni ìdọ̀tí. Nọ́ńbà tí òṣìṣẹ́ fi bírò kọ sí àtẹ́lẹsẹ̀ ère àkọ́ṣe, tàbí ilà tí agbẹ́re fà sí i lọ́rùn, lè jẹ́ ẹ̀rí kan ṣoṣo tó fi hàn pé ère náà kì í ṣe ayédèrú. Kí ẹ tó fi òwú kan irú rẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sì bi ẹni tó mọ̀ ọ́n léèrè.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkójọ ère kan, Ìbàdàn