Ìkéde: Àyípadà Àkókò Ìgbaradì Wa

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ọ̀wọ́n,

Nítorí àwọn tí iṣẹ́ àti ọmọ títọ́ kò jẹ́ kí wọ́n máa bá wa jáde déédéé, ìgbìmọ̀ ti pinnu pé láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ni a óò máa gun kẹ̀kẹ́ pọ̀ lọ́sẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, a óò pàdé nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ní aago 5:30 ìdájí, fún wákàtí kan. Bí ara bá ti gbóná, a óò gun kẹ̀kẹ́ kíkankíkan fún ìṣẹ́jú 4, a óò rọra gùn ún fún ìṣẹ́jú 3, a óò sì ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ìgbaradì yìí kúrú, ṣùgbọ́n kì í ṣe eré rárá.

Èmi fúnra mi ti ibi ìgbaradì dé ilé lẹ́yìn aago 8 àárọ̀ lọ́jọ́ kan, mo sì bá ọmọbìnrin mi lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ ilé ìwé, tó gbé báàgì kọ́ èjìká, tó ń retí mi. Ó dùn mí gidigidi, n kò sì fẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀ sí òbí kankan láàárín wa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ti ọ̀nà jíjìn: láti Mọníyà, a óò kọrí sí Ìṣẹ́yìn, a óò sì yí padà ní kìlómítà 30.

Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ òru mọ́jú, kí ó jọ̀wọ́ sùn, nítorí ojú oorun ni iṣan ti ń tún ara rẹ̀ ṣe. Akoto àti iná ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ jẹ́ dandan.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́